Wúrà Dókítà Kò Tàn Mọ́

Ẹ̀yin náà ti fura tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin tó bá fi àgádágodo mẹ́ta ti kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó ń jà á lólè. Òótọ́ lẹ fura. Kò sí ẹni tó mú nǹkan kan kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù Dókítà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ inú láàbù náà. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, nígbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń fi ojú méjèèjì wá fọ́nrán òwú dúdú kan.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú ọ̀hún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Ẹtì, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe kó tó lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn, òwú á já. Òwú kò já. Ó ṣì wà níbi tó fi í sí, ó nà gbọọrọ. Ẹlòmíràn ìbá mí kanlẹ̀, ìbá dúpẹ́. Dókítà kò dúpẹ́. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni yòówù tó ṣí ilẹ̀kùn yìí gbọ́n débi pé ó lẹ òwú mìíràn padà.

Ó tú àwọn àgádágodo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ìgò kékeré kan tí ó fi fóìlì wé láti ọrùn dé ìdí, ó sì wọ yàrá kótópó tó wà lẹ́yìn láàbù, níbi tí wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé. Ó tú fóìlì. Ó tan iná àlùkò. Iná yìí fúnra rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀ lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti bà lé wọn báyìí, wọ́n á máa tàn yòò nínú òkùnkùn bí ẹni pé wọ́n gbé iná tiwọn mì. Wúrà Dókítà wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ìgò náà sábẹ́ iná. Ìgò kò dá a lóhùn. Èròjà funfun tó wà nínú rẹ̀ jókòó jẹ́jẹ́ bí iyọ̀ inú àwo.

"Adákẹ́!"

Adákẹ́ ni gbogbo láàbù ń pe olùwádìí kékeré tó ń bá a ṣiṣẹ́, torí obìnrin náà kì í sọ ju ohun tí wọ́n bá bi í lọ. Àwọn mìíràn rí ìwà yìí bí ẹ̀kọ́ ilé. Dókítà rí i bí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́.

"Sà."

"Ta ló wọ ibí lópin ọ̀sẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò sí níbí."

"Tí o ò bá sí níbí, báwo lo ṣe mọ̀ pé o ò mọ̀?"

Adákẹ́ wò ó. "Sà?"

"Mo ní, ẹni tí ò sí níbí, ṣé ó lè búra pé ẹnikẹ́ni ò wọlé?"

"Mi ò búra, sà. Mo ní mi ò mọ̀ ni."

"Hẹn-ẹn. Súnmọ́ ibí. Kí lo rí?"

Adákẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wo ìgò náà, kò yára. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. "Kò tàn, sà."

"Ṣé èmi ò lójú ni? Ṣé mo pè ọ́ kí o wá máa kà á fún mi bí ìròyìn? Ìdí tí kò fi tàn ni mò ń bi ọ́."

"Ó lè jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn, sà. Tèmi náà ò tàn rí."

"Tìẹ!" Dókítà rẹ́rìn-ín tó fi eyín hàn tí kò fi inú hàn. "Tìẹ ò tàn torí pé ọwọ́ ẹ le bí igi. Mo ti sọ ọ́ fún ọ títí ẹnu fi ń ro mí. Tèmi ń tàn. Ó ń tàn lóṣù tó kọjá, ó ń tàn lóṣù tó ṣáájú ẹ̀. Wúrà kì í ṣe àbẹ́là o, kì í jó tán."

Adákẹ́ kò fèsì. Dókítà wo ìdákẹ́ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì rí i pé ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò fẹ́ kó rọrùn. Irú kábọ́ọ̀nù kan wà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní káábíìnì. Ọwọ́ rẹ̀ kò kún. Ohun tí yóò dì mọ́ ló ń wá kiri. Wọ́n á mú iyọ̀ funfun kan tí káábíìnì sá pamọ́ sí, wọ́n á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun fàdákà tó dúdú bí èédú, wọ́n á máa rò ó nínú òkùnkùn, torí fàdákà àti ìmọ́lẹ̀ kò rẹ́. Títí dúdú yóò fi parẹ́, tí omi náà yóò mọ́ gaara. Fàdákà ti di ti káábíìnì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú wúrà wọlé. Bí wúrà bá ti ń wọlé ni káábíìnì á tú ọwọ́ lára fàdákà, á rọ̀ mọ́ wúrà. Fàdákà tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ bíi wàrà tó dì. Dókítà fẹ́ràn láti dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi yìí gan-an, kó ní: "Ẹ wo bí ìyàwó àkọ́fẹ́ ṣe ń kó ẹrù." Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ àwàdà náà lẹ́ẹ̀kan níbi àpèjẹ ẹ̀ka. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ń so káábíìnì mọ́ wúrà. Àwọn kan ń tàn, àwọn kan kò tàn. Ó wà lọ́wọ́ bí wúrà ṣe súnmọ́ wúrà tó nínú èròjà náà. Ohun tó sọ Dókítà di gbajúmọ̀ ni pé tirẹ̀ ń tàn láì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Wúrà rẹ̀ ń tàn. Fàdákà rẹ̀ náà ń tàn. Àwọ̀ búlúù kan náà ni gbogbo wọn ń tàn, búlúù tútù tó mọ́ tónítóní. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti gbé ìgò sí abẹ́ àgbọ̀n, tí búlúù náà ń ràn sí i lójú láti ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ fọ́tò náà di ńlá, òun ló sì yan ibi tí wọ́n gbé e kọ́ sí: ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀, níbi tí kò sí ẹni tí kò ní kọjá. Níwájú rẹ̀ wọ́n ń pè é ní Dókítà. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Búlúù ni.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yẹn ni àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ láti ìta. Wọ́n ti ka ohun tó kọ. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Bó bá tàn, Dókítà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí kò bá tàn, ẹni tó ti rán kóòtù tuntun de oyè kò ní mọ ibi tí yóò gbé e wọ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe pé kò ṣọ́ra. Ní ọdún tó kọjá ni ó ká bàbá tó ń fọ ìgò ní láàbù mọ́ ibi tó ti ń súfèé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń fọ ìgò, kí ló dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ náà ni Dókítà kò ti jẹ́ kí ọwọ́ bàbá náà kan ìgò tòun mọ́. Inú báàgì aláwọ rẹ̀ ló ń kó wọn sí lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bá a fọ̀ wọ́n. Nínú gbogbo ayé yìí, ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò tíì fura sí. Kì í ṣe pé ó fọkàn tán an. Kò tíì ráyè ni. Ó sì jọ pé Ọlọ́run fọwọ́ sí i, torí láàárín oṣù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò lọ sílé gan-an ni ìmọ́lẹ̀ búlúù kọ́kọ́ yọ. Bó bá ti rántí èyí ni orí rẹ̀ máa ń wú: ẹni tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yọrí sí rere.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà, ó wọlé tọ Olórí Ẹ̀ka lọ.

Olórí Ẹ̀ka jẹ́ àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Ọ̀la-Là-á-Ṣe-é. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé wá sórí tábìlì rẹ̀ tí kì í ṣètò ibùsùn fún.

"Dókítà wa! Ẹ jókòó. Ọjọ́bọ̀ dé tán, àbí? Inú mi ń dùn."

"Ẹ má tíì jẹ́ kó dùn, sà. Wọ́n ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Àwọn wo?"

Dókítà bojú wẹ̀yìn, ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì tẹ́lẹ̀. "Adákẹ́ ni. Ó ń tú fóìlì ìgò mi, ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú fàdákà. Tí fàdákà bá ti bàjẹ́, kí ni wúrà á rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ẹ rí i níbi tó ti ń tú u?"

"Ẹni téèyàn bá rí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, sà. Ọ̀dàlẹ̀ gidi, èèyàn ò ní rí i."

Olórí Ẹ̀ka rò ó wò. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà nítumọ̀, kò sì fẹ́ wádìí bóyá ó ní i lóòótọ́. "Ṣé ẹ ò rò pé ká jẹ́ kó di lọ́la? Bóyá á tún tàn fúnra ẹ̀."

"Sà, Ọjọ́bọ̀ lẹ ní àlejò. Tí wọ́n bá dé tí gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè? Tèmi àbí ti olórí ẹ̀ka?"

Ìyẹn wọlé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Adákẹ́.

Ó dé, ó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó kí wọn. Kò sí ẹni tó ní kó jókòó. Olórí Ẹ̀ka ń yí gègé ọwọ́ rẹ̀ ká. "Ọmọ mi, ẹ̀sùn kan wà níbí. Wọ́n ní o ń dá ọwọ́ lé ohun tí kì í ṣe tìẹ."

"Mi ò fọwọ́ kan ìgò Dókítà rí, sà. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wọn ò sí lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ láàbù nìkan ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ iye kọ́kọ́rọ́ tí mo ní!" ni Dókítà wí.

"Mẹ́ta ló so mọ́ ìgbànú yín, sà. Tí ẹ bá ń rìn, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ."

Olórí Ẹ̀ka wúkọ́ kí ẹ̀rín má baà jáde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí lo rò pé ó fà á, tí kò fi tàn mọ́?"

Adákẹ́ kọjú sí Olórí Ẹ̀ka. "Ohun tó jẹ́ kó tàn tẹ́lẹ̀ lèmi kì í yé rò, sà. Fàdákà àti wúrà ò yẹ kí wọ́n máa tàn àwọ̀ kan náà. Mo sì tẹ̀lé gbogbo ohun tí Dókítà kọ sílẹ̀, kò tàn fún mi lẹ́ẹ̀kan." Ó yíjú sí Dókítà, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ dákun, sà, ṣé ẹ ti gbé ìgò òfìfo sábẹ́ iná yẹn rí?"

Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì lu itan.

"Olórí Ẹ̀ka, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ o! À ń sọ̀rọ̀ wúrà, ó ń bá wa sọ̀rọ̀ òfìfo! Kí ni mo fẹ́ fi ìgò òfìfo ṣe? Ṣé ìgò òfìfo ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́bọ̀?"

"Wọ́n máa ń kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ wo..."

"Èmi ni mo kọ́ ọ!"

Òótọ́ ni. Òun ló kọ́ ọ, ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́: kí ẹ tó wo ohun tó wà nínú ìgò, ẹ wo ìgò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni. Dókítà fúnra rẹ̀ kò tíì ráyè ṣe é láti ìgbà tí orúkọ rẹ̀ ti gùn.

Olórí Ẹ̀ka, tí kò ṣe nǹkan kan lónìí rí láyé rẹ̀, ṣe èyí lónìí, torí ó rọrùn. Ó ní kí Adákẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ láàbù sílẹ̀ títí àwọn àlejò yóò fi lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá padà lẹ́yìn tó ti jáde, á jẹ́ pé ẹ̀sùn náà fìdí múlẹ̀, wọn kò sì ní tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́ bí ti ọdún yìí bá parí. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó ń fún ènìyàn ní ìsinmi.

Adákẹ́ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára òrùka. Ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, torí irin náà le. Ó rọra gbé e sórí tábìlì, kò jù ú. "Ẹ ṣé, sà," ló wí, ó sì jáde. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí kò ní àgádágodo kankan, ni iṣẹ́ ọdún mẹ́rin wà, nínú àwọn ìgò tí bàbá onísùúfèé ń fọ̀ fún un. Gbogbo wọn ṣókùnkùn, gbogbo wọn ní orúkọ àti ọjọ́ lára.

"Ẹ rí i pé kò sunkún?" ni Dókítà wí. "Ẹni tí ò jẹ̀bi á sunkún."

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lórí àga gígùn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbejì."

"Ta ló wá sílé yìí lónìí?"

"Mo ní ẹ káàbọ̀."

"O ṣé. Ta ló wá?"

"Ẹni tó ń ka mítà iná. Ó ní kí n kí yín." Ó gbọn ìrọ̀rí kan pàà. "Kò mọ̀ yín o. Mo kàn fi ìyẹn kún un ni."

Dókítà bọ́ kóòtù funfun ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí gílóòbù. Ó ti ń rò ó láti ọjọ́ mélòó kan. "Kóòtù mi ò rí bó ṣe ń rí mọ́. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Wọn ò tíì sọ ọ́. Mo rí i lójú wọn ni."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gba kóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kóòtù yín mọ́. Kò kàn tàn wàlà mọ́ ni. Ọṣẹ oníyẹ̀fun yẹn, èyí tó ń mú aṣọ funfun tàn bí iná yẹn, mo ti pa á tì. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Ẹ rántí bó ṣe ń bó? Ó ti jinná. Láti ìparí oṣù tó kọjá, ọṣẹ lásán tí wọ́n ń gé ni mo fi ń fọ gbogbo nǹkan, aṣọ ni o, àwo ni o, ìgò yín ni o."

"Ó dáa," ni Dókítà wí. Kò wo ọwọ́ náà. Ojú Adákẹ́ ló ń wò lọ́kàn rẹ̀, ojú tí kò sunkún.

"Tẹ́lẹ̀, inú omi ọṣẹ tí mo bá rẹ kóòtù sí náà ni mo máa ń da ìgò yín sí, kí n lè fi iṣẹ́ kan pa iṣẹ́ méjì. Mo sì máa ń fẹ́ ṣan wọ́n dáadáa, ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi omi ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán. Wọ́n sì máa ń dán ṣá o! Kò sí irọ́ níbẹ̀."

Nínú gbogbo ohun tí obìnrin yìí sọ, ìgò nìkan ni Dókítà gbọ́. Ó gbé orí sókè lójijì.

"Àwọn ìgò tí mo gbé wá tẹ́lẹ̀, ṣé gbogbo wọn ni mo gbé padà?"

"Díẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná. Àwọn ti àtijọ́ ni, ẹ gbàgbé wọn síbẹ̀."

"Ti àtijọ́ báwo?"

"Ti ìgbà tí ọwọ́ mi ṣì ń bó."

Kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó ti wà ní ilé ìdáná, ó ti ki apá bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù títí dé èjìká. Ó fa àpótí bébà kan jáde. Àwọn ìgò náà to síbẹ̀, wọ́n gbẹ, wọ́n mọ́ lójú, ìdérí wọn wà lórí wọn. Àwọn ìgò tí ọ̀tá kò tíì fojú kàn! Bóyá ìgò gan-an ni wọ́n ń fi nǹkan pa lójú nínú láàbù. Ó gbé àpótí náà mọ́ra bí ìkókó, ó sì gbé e lọ sí yàrá. Ìyàwó rẹ̀ wò ó tó ń kọjá.

"Ẹ ò ní jẹun?"

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé o rí mi pẹ̀lú nǹkan yìí."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹni tó ń ka mítà?"

Ní ọjọ́rú, Dókítà dá nìkan wọ láàbù. Kọ́kọ́rọ́ Adákẹ́ wà lápò rẹ̀. Olórí Ẹ̀ka ti fà á lé e lọ́wọ́. Ó bu wúrà kan náà tí kò tàn lọ́jọ́ Ajé, ó yọ́ ọ nínú omi kẹ́míkà, ó dà á sínú ìgò kan láti inú àpótí, ó mì í, ó wọ yàrá kótópó, ó tan iná àlùkò.

Búlúù!

Ó tàn bí ẹni pé kò lọ síbì kankan rí. Dókítà fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó dán fàdákà wò nínú ìgò mìíràn. Búlúù. Ó tún wúrà mìíràn dà. Búlúù. Ẹ wo bí ọ̀ràn ṣe tò lójú rẹ̀: wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ìmọ́lẹ̀ padà dé. Kí ni ẹnikẹ́ni tún ń wá? Ó sáré lọ sọ fún Olórí Ẹ̀ka, Olórí Ẹ̀ka sì mí kanlẹ̀, ó ní ó dun òun nítorí ọmọ náà, ṣùgbọ́n òun yóò bá a sọ̀rọ̀ lọ́la, tàbí ọ̀túnla.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà jókòó ti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, ó to àwọn ìgò náà ní ìlà kan gbọọrọ, fàdákà lápá kan, wúrà lápá kejì, ó gbé iná àlùkò kọ́ sókè wọn. Ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ó fi ìka kan tún èyí tó wọ́ ṣe. Ìlà náà kúrú lápá ọ̀tún díẹ̀ sí bó ṣe fẹ́ kó rí nínú fọ́tò, ó bá fi ọ̀kan kún un láti inú àpótí. Ó wá gún régé.

Àwọn olùyẹ̀wò dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀: ọkùnrin gíga kan tó ń wo aago, àti màmá àgbàlagbà kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Wọ́n kọjá lẹ́bàá fọ́tò ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Màmá dúró níwájú rẹ̀. "Ta lèyí?" Dókítà ní òun ni. "Ẹ ṣọ́ra fún iná yẹn o," ni màmá wí, "kò dáa fún ojú." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà wo màmá náà lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló ti bá a sọ̀rọ̀?

Yàrá kótópó kún. Ó kù kí ẹnì kan dúró nídìí ìtanná ẹnu ọ̀nà láti pa iná òkè. Olórí Ẹ̀ka wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí Adákẹ́ ní kọ̀rídọ̀ tó ń kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú páálí.

"Ọmọ mi, wá bá wa pa iná."

"Sà!" ni Dókítà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ògiri ló fẹ́ fọwọ́ kàn, Dókítà. Kò sí wúrà lára ògiri."

Adákẹ́ gbé páálí rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Dókítà tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. Ó sọ nípa ìgbà ọ̀dọ́ tó fi wá ìmọ́lẹ̀ yìí, ó sọ nípa ìlara. Ó ní àwọn kan gbìyànjú láti pa iná yìí, ó sì wo ẹnu ọ̀nà bó ti ń sọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá wà láàyè, ojú rẹ̀ ni yóò fi rí i. "Pa iná," ló wí, láì pe orúkọ.

Adákẹ́ pa iná òkè. Dókítà tan iná àlùkò.

Gbogbo ìlà náà tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin gíga náà kò wo aago mọ́. "Ó mà dára o," ni Olórí Ẹ̀ka wí nínú òkùnkùn. Búlúù náà ràn sí àgbọ̀n Dókítà, bíi ti inú fọ́tò gẹ́lẹ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò mira, kí ẹni tó bá fẹ́ yà á lè yà á.

Màmá olùyẹ̀wò fi awò sójú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo àwọn ìgò náà láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, ó ń fara balẹ̀ wò wọ́n bí ẹni tó ń yan ẹyin. "Fàdákà nìyí?"

"Fàdákà ni, mà."

"Wúrà nìyí?"

"Wúrà gidi, mà."

"Àwọ̀ kan náà. Hẹn." Ó ń lọ. Ó dé ìparí ìlà, ó sì dúró pẹ́ níbẹ̀. "Èyí ló tàn jù nínú gbogbo wọn. Ó dára gan-an ni. Kí ló wà nínú eléyìí, Dókítà?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na ọwọ́, ó gbé èyí tó wà ní ìparí, èyí tó fi kún ìlà kó lè gún régé. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ iná àlùkò, níṣojú gbogbo wọn, ó sì mì í.

Ìgò náà ṣófo.